Cavalry ṣe ipò kìíní lẹ́ẹ̀mejì, Forge gbé ife lọ: ta ló ni ọdún 2019?

ÌBÉÈRÈ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Calgary ní Kánádà ni, mo sì ti lọ wo Cavalry, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú yìí, lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo ẹni tí mo bá jókòó tì níbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ 2019, ọdún tí líìgì Kánádà tuntun yìí bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Cavalry ló ṣe ipò kìíní ní ìdajì àkọ́kọ́, òun náà ló tún ṣe é ní ìdajì kejì, síbẹ̀ Forge ti Hamilton ló gbé ife. Báwo ni ẹni tó gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mejì ṣe máa pàdánù ife? Ṣé wọn ò rẹ́ wọn jẹ báyìí? Èmi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi."

Àbúrò, káàbọ̀ sí Calgary. Wọn ò rẹ́ Cavalry jẹ. Ohun tí wọ́n ṣe ti wà nínú òfin kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́dún náà. Má sì rò pé mo ń gbè sẹ́yìn Forge o. Mo wà ní pápá lọ́jọ́ tí wọ́n gba ife náà mọ́ wa lọ́wọ́, ó sì dùn mí wọ egungun.

Bó ṣe lọ nìyí. Ẹgbẹ́ méje ló bẹ̀rẹ̀ Canadian Premier League (CPL): Forge ní Hamilton, York9 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toronto, Cavalry níbí, FC Edmonton, Valour ní Winnipeg, HFX Wanderers ní Halifax, àti Pacific ní Langford ní erékùṣù Vancouver. Wọ́n pín ọdún sí méjì. Ìdajì tí wọ́n pè ní Spring, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdajì tí wọ́n pè ní Fall, 18. Ẹni tó bá gba Spring yóò bá ẹni tó bá gba Fall gbá àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀kan nílé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́nà jíjìn. Bí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá wá gba méjèèjì ńkọ́? Òfin ti dáhùn ìyẹn náà: ẹgbẹ́ tí àpapọ̀ pọ́ìntì rẹ̀ bá tẹ̀lé tirẹ̀ ni yóò bá a wọ̀ ọ́. Ojú ọ̀nà tí Forge gbà wọlé nìyẹn.

Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 28, Cavalry kó pọ́ìntì 62. Forge kó 56. Nígbà tó di àṣekágbá, Tristan Borges fi gólì kan gbé Forge sókè ní Hamilton ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹwàá. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kọkànlá, wọ́n wá bá wa nílé, David Choinière tún fi ọ̀kan kún un nínú ìṣẹ́jú tí rẹfirí fi lé e. Méjì sí òdo. Ẹgbẹ́ tó fi gbogbo ọdún da gólì sílé àwọn ẹlòmíràn kò rí ẹyọ kan gbá wọlé fún odidi wákàtí mẹ́ta. Ta la fẹ́ bá jà?

* * *

Mo ti ka èsì tí àwọn òǹkàwé yòókù fún ìbéèrè yìí. Ìsọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n.

Àwọn kan ní àṣà àwọn Amẹ́ríkà ni kí wọ́n máa gbá àṣekágbá lẹ́yìn líìgì, pé nílùú tí wọ́n ti mọ bọ́ọ̀lù, tábìlì ni tábìlì, ẹni tó bá wà lókè ló ni ife. Àwọn kejì ní ife ni ife, kí Cavalry lọ jókòó. Àwọn kẹta, tí wọ́n pọ̀ jù ní Calgary, ní olè ni Forge.

Mi ò sí pẹ̀lú ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò rí irú rẹ̀ rí, ṣé ẹ ti gbàgbé ilé ni? Ní 2019 yẹn kan náà, líìgì Nàìjíríà pín ẹgbẹ́ sí ìpín méjì, wọ́n wá kó ẹgbẹ́ mẹ́fà jọ sí Agége ní Oṣù Kẹfà kí wọ́n tó mọ ẹni tó gba ife. Enyimba ló gbé e. Ẹ ò sì pe Enyimba ní olè. Òfin tí gbogbo ẹgbẹ́ bá mọ̀ kí wọ́n tó wọ pápá, tí wọ́n sì fọwọ́ sí, kò ní olè nínú.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ yé mi. Líìgì tuntun ni, ẹgbẹ́ méje péré, o máa pàdé ẹni kan náà títí ojú á fi sú ọ. Bí kò bá sí àṣekágbá, tí ẹgbẹ́ kan bá ti sá lọ níwájú, ta ló fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Oṣù Kẹsàn-án? Wọ́n tún ní láti fi nǹkan tó gbámúṣé hàn lórí OneSoccer, ibi tí wọ́n ti ń wo líìgì náà.

Àmọ́ ibi tí mo ti bá wọn jà nìyí, mo sì ń bá wọn jà di òní. Cavalry gba Spring, wọ́n ti ní ìwé àṣekágbá lọ́wọ́ kí Oṣù Keje tó wọlé dáadáa. Láti ìgbà yẹn lọ, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18 tó kù, kí ni wọ́n ń gbá a fún? Òfin náà kò fún ẹni tó bá gba lẹ́ẹ̀mejì ní ohunkóhun ju pé ilé rẹ̀ ni wọn yóò ti gbá ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kò sí pọ́ìntì, kò sí gólì àjẹmọ́nú, kò sí àwo kankan tí wọ́n máa gbé lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sùn lọ títí Oṣù Kẹwàá, kò sẹ́ni tó máa bá wọn wí. Wọn ò sùn. Wọ́n tún gba Fall. Èyí ló mú mi nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ náà ju ife lọ. Ẹni tó mọ̀ pé òun ti wọlé tán, tó ṣì ń sáré bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ta.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé ṣé mo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì dé Spruce Meadows, ibi tí Cavalry ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe pápá tí wọ́n kọ́ fún bọ́ọ̀lù látilẹ̀. Ibi ìdíje ẹṣin ni, ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù lágbàáyé, ó ti wà láti ọdún 1975. Ìdílé tó ni ibẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n to ìjókòó yí pápá kan ká, wọ́n pè é ní ATCO Field. Orúkọ Cavalry náà, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ló túmọ̀ sí. Ó wà ní gúúsù ìlú pátápátá, ọkọ̀ ojú irin kò débẹ̀. Bí o bá ń wakọ̀ wọlé, ilé ẹṣin ni wàá kọ́kọ́ rí.

Lọ́jọ́ náà, èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn. Mo fi tíì gbígbóná sínú fúláàsì, mo wọ ibọ̀sẹ̀ méjì, mo wọ̀ ọ́ fún un ní mẹ́ta. Irin ni àga ibẹ̀, òtútù Oṣù Kọkànlá a máa gba inú ṣòkòtò wọ itan. Àwọn alátìlẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní Foot Soldiers ń lu ìlù lẹ́yìn ilé kan, wọn ò dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gólì kan péré la nílò kí ọ̀rọ̀ tó dọ́gba. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá fò kọjá iwájú ilé Forge, ọmọ mi á dìde, á tún jókòó, á tún dìde. Nígbà tó di pé rẹfirí ti fi ìṣẹ́jú kún un, gbogbo wa ló dìde dúró. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù bọ́ síwájú ilé tiwa. Choinière.

Ohun tí mo rántí jù ni pé ìlù náà dúró. Ó dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ẹnì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú padà, jẹ́jẹ́, àwọn yòókù sì dá sí i. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa wá síwájú wọn wá kí wọn. Ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, ṣebí àwa la wà lókè tábìlì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò rí nǹkan míì sọ.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé ọmọ Yorùbá wà nínú wọn?"

Òótọ́ ni. Elijah Adekugbe, agbábọ́ọ̀lù àárín. Lọ́ndọ̀nù ni wọ́n bí i, Calgary níbí ló ti dàgbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Sam Adekugbe tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Kánádà, tó lọ sí ife àgbáyé ní Qatar ní 2022. Bọ́ọ̀lù tó gbá wọ àárín lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé Morocco ló kan ẹsẹ̀ ọmọ Morocco wọlé. Ọ̀dọ́mọdé kan tún wà nínú Cavalry lọ́dún yẹn, Aribim Pepple, ọmọ ọdún 16, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe "Adekugbe" ní pápá kan ní Alberta, kò pè é dáadáa rárá, ó pe "gbe" bí ẹni ń pe "bi". Ọkùnrin òyìnbó tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yíjú sí mi, ó bi mí bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo kọ́ ọ. Ó tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀mẹta títí ó fi mọ̀ ọ́n pè. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń kí ara wa.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni tó ní "líìgì kékeré lásán ni, kí ló ń mú yín jà lórí rẹ̀", mo fẹ́ dá a lóhùn.

Ní 2019 yẹn náà, Cavalry wọ ìdíje Canadian Championship, níbi tí ẹgbẹ́ líìgì tuntun ti ń pàdé àwọn ẹgbẹ́ Kánádà tó wà nínú MLS, líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Wọ́n lé Pacific. Wọ́n lé Forge fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n wá pàdé Vancouver Whitecaps. Níbí, wọ́n gbá ọ̀mì, òdo sí òdo. Wọ́n lọ sí BC Place ní ọjọ́ 24 Oṣù Keje, wọ́n lù wọ́n ní ilé wọn, méjì sí ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ CPL máa lé ẹgbẹ́ MLS jáde, lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n dáyé! Marco Carducci tó ń ṣọ́lé fún wa, ọmọ Calgary ni, Whitecaps ló sì wà tẹ́lẹ̀. Montreal ló padà dá wa dúró ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá.

Nítorí náà, kò kéré. Àwọn tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Tommy Wheeldon kékeré kó jọ, púpọ̀ nínú wọn ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Calgary Foothills, ẹgbẹ́ tó gba ife PDL, líìgì kékeré Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní 2018. Wọ́n ti mọ ara wọn kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ṣì ń kọ́ orúkọ ara wọn ní Oṣù Karùn-ún, tiwa ti mọ ibi tí ẹnì kejì máa wà láìwo ẹ̀yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní àṣírí ọdún náà, òun nìyẹn.

Kí n sì ṣe òdodo sí Forge. Láàárín líìgì yẹn náà ni wọ́n tún ń gbá CONCACAF League, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ Central America, Caribbean àti Kánádà. Wọ́n lé Antigua ti Guatemala, Olimpia ti Honduras ló lé wọn. Ẹgbẹ́ tó ń fò lọ sí Central America láàárín ọ̀sẹ̀, tó tún ń padà wá gbá líìgì, tó sì kó pọ́ìntì 56, kì í ṣe olè. Ẹ yé pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè yìí gbòòrò o. Láti Halifax dé Langford ju 4,000 kìlómítà lọ, líìgì kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ wà. Èyí tó sún mọ́ wa jù lọ́dún yẹn ni Edmonton, ó tó 300 kìlómítà.

* * *

Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìbéèrè, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin ló ti kọ̀wé sí mi lórí rẹ̀, mi ò lè dákẹ́. "Àbúrò mi mọ bọ́ọ̀lù gbá ní Ìbàdàn, ẹnì kan ní òun lè mú un wọ líìgì Kánádà, ó ń béèrè owó."

Ẹ má sanwó.

Ẹ kọ́kọ́ wo òfin tí líìgì náà fi bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ẹgbẹ́ kan kò lè ní ju àjèjì méje lọ. Nínú àwọn 11 tó máa bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù, mẹ́fà ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Kánádà. Àwọn ọmọ Kánádà tí wọn ò tíì ju ọdún 21 lọ gbọ́dọ̀ gbá 1,000 ìṣẹ́jú láàárín ọdún. Torí àwọn ọmọ ibí ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Àyè tó kù fún àjèjì, ẹni tó ti gbá líìgì ńlá níbòmíràn tàbí tó ti gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni wọ́n sábà ń wá. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí fídíò rẹ̀ rí, ta ló fẹ́ fún un ní ọ̀kan nínú àyè méje?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan bọ́ sí irú ìdẹkùn yìí. Wọ́n ti san owó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n ti san owó físà, wọ́n fẹ́ san ti tíkẹ́ẹ̀tì kí bàbá rẹ̀ tó pè mí. Mo ní kí wọ́n ya fọ́tò lẹ́tà tí wọ́n fún wọn ránṣẹ́. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, orí ẹṣin wà níbẹ̀, ó fani mọ́ra. Mo ka orúkọ ẹgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. "Calgary Calvary FC." Kálífárì, òkè tí wọ́n ti kan Jésù mọ́gi. Ẹni tó kọ lẹ́tà náà kò mọ orúkọ ẹgbẹ́ tó ń tà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi máa padà pe ọkùnrin yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé mọ́. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Bí ọmọ yín bá mọ bọ́ọ̀lù gbá lóòótọ́, tó sì mọ̀wé, ọ̀nà kan wà tó ní orí tó sì ní ìdí: yunifásítì. Líìgì náà máa ń yan agbábọ́ọ̀lù láti àwọn yunifásítì Kánádà lọ́dọọdún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tó wáyé rárá. Ibẹ̀ ni Cavalry ti rí Joel Waterman. Ó gbá 2019 pẹ̀lú wa, Montreal rà á ní Oṣù Kínní 2020, òun ni agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ MLS rà láti inú líìgì yìí, ó sì wà nínú àwọn tí Kánádà kó lọ sí Qatar. Ọ̀nà náà gùn, owó ilé-ẹ̀kọ́ sì wọ́n fún ọmọ tó bá wá láti òkèèrè, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù kò bá tiẹ̀ ṣẹnuure, ìwé ẹ̀rí á wà lọ́wọ́.

* * *

Ó yá, ká padà síbi tá a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó béèrè tún kọ̀wé pé: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti yé mi pé wọn ò rú òfin. Àmọ́ tẹ́ni bá ní kí ẹ sọ ẹni tó ni ọdún yẹn, ta lẹ máa dárúkọ?"

Ife 2019, Forge ló ni ín. Ọdún 2019, Cavalry ló ni ín. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ṣètò líìgì náà gan-an sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá ọdún náà, Carducci ni wọ́n fún ní ti aṣọ́lé. Agbábọ́ọ̀lù ọdún náà ni Borges ti Forge, gólì 13 ló gbá wọlé, ó tọ́ sí i, ẹgbẹ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù sì rà á lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò tún pín ọdún sí Spring àti Fall mọ́ láti ìgbà náà. Ní 2023, wọ́n wá dá àwo kan sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní Shield, fún ẹni tó bá ṣe ipò kìíní lórí tábìlì. Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbà á? Cavalry. Ṣé ẹ sì mọ ẹni tó lù wọ́n ní àṣekágbá ọdún yẹn kan náà? Forge, ní Hamilton, méjì sí ọ̀kan lẹ́yìn àfikún àsìkò. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà tó o jókòó tì bá ń ráhùn nípa 2019, fetí sí wọn. Ìrora wọn kì í ṣe ti irọ́. FC Edmonton tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti kógbá wọlé lẹ́yìn 2022, àwọn alátìlẹ́yìn tiwọn kò tiẹ̀ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n máa ráhùn lé lórí mọ́. Àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ láti máa pe Forge ní olè.

Ní ọjọ́ 9 Oṣù Kọkànlá 2024, àwa àti Forge tún pàdé ní àṣekágbá, níbí, lórí koríko kan náà. Ọmọ mi ti di ọmọ ọdún 14, kò fẹ́ kí n wọ ibọ̀sẹ̀ fún òun mọ́. Méjì sí ọ̀kan. Tiwa ni méjì. Ìlù náà kò dúró lọ́jọ́ yẹn.

Bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tètè dé nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mú ìbọ̀wọ́ dání, bí oòrùn bá tiẹ̀ ń ràn nígbà tó o bá ń jáde nílé. Wá sí ẹ̀gbẹ́ àwọn onílù, wàá bá mi níbẹ̀, èmi àti ọkùnrin òyìnbó tó mọ Adékúgbé pè.